Ìyeyè àbí Òkìkà

"Má tíì fi kàn án," Bàbá Adégbọlá wí, ó sì di ọwọ́ Áátíìsì mú lókè.

Búrọ́ọ̀ṣì ti mu ọ̀dà funfun, ó ku díẹ̀ kó kan pátákó. Ìtẹ́olúwakìíṣí, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Áátíìsì nítorí iṣẹ́ rẹ̀, dúró gbagidi, ọ̀dà sì ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ó wo bàbá náà, olórí àwọn tó ń tọ́jú igi nínú Ọgbà Ewéko. Ó tún wo obìnrin tó dúró lódìkejì igi, Dókítà Adétóun, ọ̀gá ọgbà pátápátá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé kó kọ "Òkìkà" síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ fi Áátíìsì sílẹ̀," Dókítà wí. "Iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Mo rí i pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tí ẹ ní kó kọ ni kò yé mi. Igi wo ló ń jẹ́ òkìkà níbí?"

"Èyí tí ẹ fara tì yẹn."

"Èyí tí mo fara tì yìí, ìyeyè ni. Ìyeyè ló ń jẹ́ kí wọ́n tó bí ẹ̀yin, kí wọ́n tó bí èmi náà. Ẹ bi gbogbo Ìbàdàn."

"Gbogbo Ìbàdàn nìkan kọ́ ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá."

Ọkùnrin kan yọ sí wọn láti ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ayẹni ni, akọ̀wé ẹnu géètì, ọmọ Èkìtì tó ti ń gbé Òjòó ó ti pẹ́. Ó gbọ́ ohùn wọn, ó ní kí òun wá là wọ́n.

"Ẹ má bínú o," ó wí. "Nílé tiwa, akíkà là ń pè é."

Dókítà àti Bàbá Adégbọlá jọ kọjú sí i. "Ayẹni, padà sídìí géètì rẹ," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà nìyẹn.

Áátíìsì rọra ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú agolo. Ó fẹ́ràn kí iṣẹ́ máa lọ wẹ́rẹ́. "Ẹ gbọ́ mà, ẹ gbọ́ sà," ó wí, "ṣé kí n kúkú kọ méjèèjì ni? Ìyeyè lókè, òkìkà nísàlẹ̀."

"Nítorí kí ni òkìkà yóò ṣe wà nísàlẹ̀?" Dókítà bi í.

"Kí òkìkà wà lókè nígbà náà, mà."

"Kí ìyeyè wá di ìnagijẹ rẹ̀?" Bàbá Adégbọlá bi í. "Bó o bá kọ orúkọ méjì, ẹni tó kọ́kọ́ kà á ti mú ti òkè ní òótọ́ nìyẹn. Ó ti mú ti ìsàlẹ̀ ní àpèjẹ́."

Dókítà ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Áátíìsì fi igi yìí sílẹ̀ ná, kó lọ máa kọ àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ó rán an létí pé igi ẹnu ọ̀nà ni, òun ni àlejò yóò kọ́kọ́ rí, àti pé bí ìgbà tí iṣẹ́ kò parí ni bí kò bá ní pátákó. Bàbá Adégbọlá gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọgbà lọ. Láti ọjọ́ náà, kò dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Bí ó bá ní ohun tó fẹ́ sọ fún Dókítà, ó ń rán Ayẹni. Bí Dókítà náà bá ní èsì, Ayẹni ló ń gbé e padà. Ẹsẹ̀ Ayẹni sì ń dùn ún.

Kí pátákó kan tó da àárín wọn rú, iṣẹ́ náà ń dùn mọ́ Áátíìsì ju èyíkéyìí tó ti ṣe lọ. Bàbá rẹ̀, wòlíì nínú ìjọ Aládùúrà kan ní Òjòó, ló kọ́ ọ ní lẹ́tà kíkọ lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀ kan pẹ́rẹ́, bàbá rẹ̀ á ní kó kà á sókè bó ṣe kọ ọ́, gbogbo àwọn akọrin á sì máa rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tí kì í fi àmì kankan sílẹ̀. Ó ya ṣọ́ọ̀bù sí Agbówó, ó ń kọ pátákó fún ilé ìwé, fún onígbàjámọ̀, fún aránṣọ, títí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ báńà fi ya ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀kánkán rẹ̀. Láàárín ọdún díẹ̀, ohun tó ṣẹ́ kù fún Áátíìsì kò ju kó kọ "Ilé Yìí Kì Í Ṣe Títà" sára ògiri àwọn ènìyàn.

Ìdí irú ògiri bẹ́ẹ̀ ni Dókítà Adétóun ti bá a ní Bódìjà. Obìnrin náà ń wa mọ́tò kọjá, ó dúró, ó padà sẹ́yìn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ògiri náà fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹ fi àmì sí gbogbo rẹ̀," ó wí.

"Bó ṣe yẹ kó wà nìyẹn, mà."

"Àwọn tó ń tẹ báńà sọ fún mi pé ẹ̀rọ àwọn kì í gba àmì. Wọ́n bá mi kọ orúkọ igi kan, bí mo ṣe kà á, ó ti di nǹkan mìíràn. Òjò méjì ló sì rọ̀ tó fi ṣí kúrò." Ó na ọwọ́ sí agolo ọ̀dà. "Èyí ń kọ́? Ṣé òjò lè fọ̀ ọ́?"

"Ẹni tó ni ilé yóò ti kú kí èyí tó ṣí, mà," Áátíìsì wí. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ẹni tó ni ilé wà lójú wíńdò.

Bó ṣe dé Ọgbà Ewéko nìyẹn. Wọ́n ti tún ọ̀nà inú ọgbà ṣe, wọ́n fẹ́ ṣí i padà fún aráàlú, Dókítà sì fẹ́ kí igi kọ̀ọ̀kan ní pátákó tirẹ̀: orúkọ Yorùbá lókè, orúkọ Látìnì tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń lò nísàlẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún un pé bí igi ńláńlá bá parí dáadáa kí Sátidé tó dé, òun náà ni yóò kọ ti ewé àgúnmu, ti àwọn igi eléso, àti ti ilé àwọn òdòdó tó ń gbé orí igi. Iṣẹ́ tí yóò gbà á títí ọdún tó ń bọ̀ ni.

Bàbá Adégbọlá ló kọ́kọ́ mú un yí ọgbà ká. Wọ́n kọjá lẹ́bàá àràbà tí ìtì rẹ̀ fẹ̀ débi pé ènìyàn lè fara pamọ́ sáàárín egungun ìdí rẹ̀. Wọ́n rí ahùn, arère, ọ̀mọ̀ tí àwọn agbẹ́gilére fẹ́ràn, àti pàndòrò tó so rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi okùn so ọmọ odó mọ́ ẹ̀ka. Wọ́n rí orógbó tó tò lọ ní ìlà, tó dúdú mìnìjọ̀. Ẹ̀mí, igi òrí, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, láti ọ̀nà Ṣakí ni wọ́n ti gbé e wá ní ọmọdé. Ó kọ̀ láti so títí àwọn tó gbìn ín fi fẹ̀yìn tì, ó wá so lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀ mọ́.

"Oko kòkó àti igbó ni gbogbo ibí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀," Bàbá Adégbọlá sọ fún un. "Òmìnira kò tíì dé. Wọ́n ń rán ènìyàn lọ sí igbó gbogbo, kí wọ́n mú méjì mẹ́ta wá nínú igi kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà níbí tó jẹ́ pé igbó tí wọ́n ti mú un wá, ilé ti kún un báyìí. Tí ẹ bá wá a débẹ̀, ẹ ò ní rí i."

"Ọkọ̀ Nóà ni, sà," Áátíìsì wí.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ bàbá nínú. Láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní ọmọ mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àárín àwọn àgbà méjèèjì kò tíì gún, Áátíìsì lọ bá Bàbá Adégbọlá lẹ́yìn ọgbà níbi tó ti ń tọ́ irúgbìn. Bàbá náà ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú kéékèèké. Áátíìsì jókòó tì í, ó ń bá a bu ún.

"Mo mọ ohun tó o bá wá," bàbá náà wí. "Má wulẹ̀ sọ ọ́."

"Sà, orúkọ igi kan ṣoṣo ni."

Bàbá Adégbọlá bu iyẹ̀pẹ̀ sí i kó tó dáhùn. "Ṣé o mọ ẹni tó gbin igi yẹn? Kò sí ẹni tó gbìn ín. Òpó ọgbà ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ abúlé ń wá jẹ irúgbìn. Bàbá mi wà lára àwọn lébìrà ìgbà náà. Wọ́n gé igi, wọ́n gbẹ́ ẹ ṣóńṣó, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ yí ọgbà ká. Gbogbo òpó náà ló gbẹ, tí ikán jẹ. Ọ̀kan kọ̀, kò gbẹ. Ó rúwé. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn ní kí wọ́n fà á tu, torí kò sí nínú ètò òun. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní, 'Ọ̀gá, ìyeyè ni, ó fẹ́ yè, ẹ jẹ́ ó yè.' Òyìnbó ní kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ògbufọ̀ ò rí i túmọ̀. Òyìnbó bá rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ." Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Bàbá mi kò mọ̀wé. Kò sí ibi tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ọgbà yìí. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló fi gba igi yẹn là. Ẹ wá fẹ́ kí n dúró máa wò ó kí wọ́n kọ òkìkà síbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ fún Dókítà, sà?"

"Ṣé kí n máa fi bàbá mi bẹ̀bẹ̀ ni? Ìwọ náà, má sọ ọ́ fún wọn."

Ó di ọ̀sán, Áátíìsì lọ sí ọ́fíìsì Dókítà. Ó fẹ́ bi í bóyá orúkọ Látìnì nìkan lè tó fún igi náà. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Áátíìsì. Ẹ ò ní sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún ẹnikẹ́ni."

Áátíìsì jókòó. Ó ti ń mọ̀ pé àṣírí ni ọgbà yìí fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀.

"Tíṣà ni ìyá mi ní Òkè-Àdó," Dókítà wí. "Ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọdọọdún, bí èso igi yẹn bá ti ń pọ́n báyìí, wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì wọn wá síbí. Èmi ò tíì tó ilé ìwé lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú mi dání. Wọ́n ṣa ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n fi aṣọ nù ún, wọ́n ní, 'Tóun, òkìkà rèé, lá a wò.' Ó kan débi pé ojú mi pa dé. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú. Mo ní kí wọ́n fún mi ní òmíràn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo ti kàwé nípa igi káàkiri. Orúkọ Látìnì tó wà lórí mi, n kò lè kà á tán. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá mi ni mo ti gba èyí. Wọ́n ti sinmi báyìí. Tí mo bá kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀, ó máa dà bí ẹni pé mo ń tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe lẹ́yìn wọn."

Áátíìsì jáde. Ó wo igi náà lọ́ọ̀ọ́kán: ara rẹ̀ rí págunpàgun, èso pupa rẹ́súrẹ́sú ti bo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, òórùn kíkan rẹ̀ sì gba gbogbo ẹnu géètì. Ewúrẹ́ kan tó yọ́ wọlé ń jẹ ẹ́, kò bi ẹnikẹ́ni ní orúkọ rẹ̀.

Nílé, ó ròyìn fún Wùnmí, ìyàwó rẹ̀. Kò sọ àṣírí ẹnikẹ́ni, ó kàn ní ọ̀rọ̀ le. Aránṣọ ni Wùnmí, ó ń tu aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́.

"Wọn ò fẹ́ kó o kọ ọ̀kan, wọn ò sì fẹ́ kó o kọ méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kọ 'Igi Yìí Kì Í Ṣe Títà' síbẹ̀, kó o máa bọ̀ nílé."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n oorun kò tètè kùn ún. Ó ń ro ilé òdòdó, ó ń ro ewé àgúnmu, ó ń ro ṣọ́ọ̀bù onítẹ̀ẹ́báńà tó wà ní ọ̀kánkán tirẹ̀.

Àbúrò Wùnmí, Ìdùnnú, ti bímọ obìnrin ní Challenge. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọ ọmọ náà lórúkọ, Áátíìsì sì bá ìyàwó rẹ̀ lọ láàárọ̀ kùtù. Rasheed, ọkọ Ìdùnnú, Mùsùlùmí ni, ilé Ìdùnnú sì jẹ́ ilé Aládùúrà, nítorí náà ààfáà wà níbẹ̀, wòlíì ìjọ wọn náà wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jókòó lórí àga kan náà, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ nípa bí epo mọ́tò ṣe wọ́n.

Ààfáà sọ ọmọ ní Lateefat. Wòlíì sọ ọ́ ní Olúwapamílẹ́rìn. Bàbá Rasheed ní kí wọ́n pè é ní Ìrẹ̀mídé, torí ọ̀rọ̀ tó fi gbàdúrà nígbà tí ìyàwó ọmọ òun ń rọbí nìyẹn. Àǹtí kan láti Olúyọ̀lé ní tòun náà. Ẹnìkan pè láti òkè òkun, wọ́n gbé fóònù sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ orúkọ tí òun sọ ọmọ. Àbúrò Rasheed ló ń kọ wọ́n sílẹ̀, ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Màmá," ó bi ìyá àgbà Ìdùnnú, Màmá Àbẹ̀ḿbí, tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀. "Èwo ni orúkọ rẹ̀ gan-an nínú gbogbo èyí? Èwo ni kí n fi síwájú?"

Màmá Àbẹ̀ḿbí kò gbé ojú kúrò lára ọmọ. "Ta ló bi ọ́ léèrè iwájú? Gbogbo rẹ̀ ni gan-an. Ẹni tó bá sọ ọmọ lórúkọ, ìfẹ́ tirẹ̀ ló fi sọ ọ́, ó sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ẹni tó bá pè é ní Lateefat, á jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá pè é ní Pamílẹ́rìn, á jẹ́ ẹ. Ọmọ tí kò sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ nìyà ń jẹ."

Áátíìsì gbé ife omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó sọ fún Wùnmí létí pé òun ń lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Agbówó.

"Ìrẹsì kò tíì jinná," Wùnmí wí.

"Bá mi gbé e wálé."

Ọmọrí dúróòmù ló lọ wá lọ́dọ̀ wẹ́dà náà, páànù ribiti tó fẹ̀ dáadáa. Ó ní kó bá òun dán etí rẹ̀ kó má gé ènìyàn lọ́wọ́. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé tútù, ó sá a, ó tún un kùn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó gbé e ti ìdí igi, ó sì rán Ayẹni lọ pe àwọn àgbà méjèèjì, ó ní kó sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pé ọ̀rọ̀ pátákó náà ti ní ojútùú. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́ tán.

Dókítà kọ́kọ́ dé. Bàbá Adégbọlá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró ní ìta ibi tí èso dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, sà," Áátíìsì wí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ sí àwọn méjèèjì lápapọ̀. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsọmọlórúkọ dé lánàá. Mo rí i pé igi yìí ti dàgbà, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ rí. Pátákó ribiti ni mo mú wá. Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Orúkọ á yí i ká bí àwọn ènìyàn tó jókòó yí agbo ká, kò sí ẹni tó máa mọ èyí tó ṣáájú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, ẹni tó bá máa sọ ọmọ lórúkọ máa ń sọ ìdí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín nìyẹn. N kò ní lè bá yín sọ ọ́."

Ayẹni ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. "Èmi á bẹ̀rẹ̀. Akíkà ni. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo jábọ́ lórí rẹ̀, mo kán lápá. Ẹ kò lè kán lápá lórí igi kí ẹ má mọ orúkọ rẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀ pé òun ń rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín náà ló tú u lẹ́nu. Ó sọ ti ìyá rẹ̀, ti èso tí wọ́n fi aṣọ nù, ti ojú tó pa dé. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, Bàbá Adégbọlá kúrò níbi tó dúró sí, ó ń súnmọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé abẹ́ igi.

"Tíṣà tó máa ń gbé agboòrùn aláwọ̀ omi aró," ó wí.

Dókítà yí padà wò ó.

"Tíṣà Òkè-Àdó. Tó máa ń mú àwọn ọmọ kọrin wọlé láti géètì. Ìyá yín ni?"

"Ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Ọ̀dọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà, mo ń bá bàbá mi gbá abẹ́ igi. Ọdọọdún ni tíṣà yẹn ń wá tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá mi kí àwọn ọmọ tó ṣa èso. Ọdọọdún ni wọ́n sì ń jiyàn." Ó ti ń rẹ́rìn-ín. "Tíṣà á ní, 'Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ṣa òkìkà.' Bàbá mi á ní, 'Kò sí òkìkà níbí, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣa ìyeyè.' Wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ á ti ṣa á jẹ tán, àwọn ò tíì parí. Bí wọ́n bá ń lọ, bàbá mi á juwọ́, á ní, 'Ó dàbọ̀, ìyá olókìkà.' Tíṣà á ní, 'Ó dọdún tó ń bọ̀, bàbá oníyeyè.' Lọ́dún tí wọn ò wá mọ́, bàbá mi béèrè wọn títí."

"Wọ́n gbé wa lọ sí Èkó lọ́dún yẹn ni," Dókítà wí. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń fi etí ìró nù ún, bẹ́ẹ̀ awò kò dọ̀tí. "Bàbá oníyeyè. Màmá máa ń dárúkọ rẹ̀ nílé. Mo rò pé ẹnìkan tó ń ta èso lọ́jà ni."

Bàbá Adégbọlá wá sọ ti òpó ọgbà tó kọ̀ tí kò gbẹ, ti òyìnbó, ti ògbufọ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ túmọ̀. Dókítà tẹ́tí sí i dópin. Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara igi náà, ó ní ọdún kan gbáko tí òun ti wà níbí, òun kò mọ̀ pé òpó ni.

"Ẹ ò béèrè, mà," bàbá náà wí.

"Ẹ̀yin náà ò sọ, sà."

Ó wá ku ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n kọ ti Bàbá. Bàbá ní rárá, kí wọ́n kọ ti Dókítà. Ó sì fẹ́ di ìjà mìíràn, bí kì í bá ṣe pé Áátíìsì ti ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà, tó sì kọ ti Ayẹni. Ó kọ ìyeyè àti òkìkà lẹ́yìn rẹ̀, ó kọ orúkọ Látìnì sí àárín gbùngbùn. Àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù létí agbo náà. Ayẹni ní kó ya òdòdó síbẹ̀. Áátíìsì wò ó, ó ní kó ṣì wà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, òjò tó ṣú láàárọ̀ kò rọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé dé láti Bódìjà àti Agbówó, àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì wá láti Dùgbẹ̀. Wọ́n dúró yí pátákó ribiti náà ká, wọ́n ń yí orí kà á, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pariwo èyí tí wọ́n ń pè nílé tirẹ̀. Dókítà ń ṣàlàyé fún àwọn òbí. Nígbà tó dé ibi òpó ọgbà, ó dúró, ó ní kí Bàbá Adégbọlá bọ́ síwájú wá sọ ọ́, torí bàbá tirẹ̀ ló ni ín. Bàbá náà tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó sọ ọ́, ó sì fi ìyá olókìkà kún un.

Dókítà ti sọ fún Áátíìsì pé ọjọ́ Ajé ni kó bẹ̀rẹ̀ ti ewé àgúnmu. Áátíìsì jókòó sórí gbòǹgbò kan, ó ń wo àwọn ènìyàn tó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, kó lè mọ̀ bóyá àmì kan kò tọ́.

Màmá àgbàlagbà kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ ya kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó wá dúró níwájú pátákó. Ó kà á pẹ́. Ó yí orí, ó tún kà á.

"Ta ló kọ èyí?" ó béèrè.

Áátíìsì dìde. "Èmi ni, mà. Ṣé kò sí àṣìṣe, mà?"

"Kò sí àṣìṣe. Ó dára. Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà mi fi ń pè é ni kò sí níbẹ̀."

Áátíìsì wo ọ̀dọ̀ Dókítà. Dókítà wo Bàbá Adégbọlá. Bàbá náà lọ gbé àga kan wá fún màmá náà kó jókòó, ó ní, "Ẹ sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú o, mà. Òfin ibí nìyẹn."

Áátíìsì kúnlẹ̀, ó ṣí agolo ọ̀dà funfun, ó fi igi rò ó.

"Ẹ rọra pè é, mà," ó wí, "kí n lè gbọ́ ibi tí ohùn ti lọ sókè, àti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀."

Màmá náà jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń rí ẹnìkan lọ́ọ̀ọ́kán.

"Olósàn," ó wí. "Ìyá àgbà mi kì í jẹ́ ká ju òkò lù ú. Ó ní ohun tó ń fún ọmọdé lóúnjẹ, wọn kì í sọ ọ́ lókò."

Áátíìsì pe ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ẹnu lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan páànù.